Mọ́tò Tí Bàbá Mi àti Àlájì Ò Fojú Rí Rí

Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ òórùn iṣu tuntun tí erùpẹ̀ ara rẹ̀ ò tíì gbẹ, ilé bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ní Dassa ni mo máa ń rántí, àti bẹ́ǹṣì onígi tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ibẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi wakọ̀. Iṣu ló ń kó láti Glazoué lọ sí Kutọnu. Nígbà tí ìyá mi kú, tí orúnkún sì ń da bàbá láàmú, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sígboro mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gun òkè náà wá bá a lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì: Àlájì tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lẹ́bàá ọjà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. "Ṣófọ̀" ni Àlájì ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn awakọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ìròyìn mọ́tò fún wọn lórí tẹlifóònù mi.

Mọ́tò eré ìje kan wà tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo kà á fún wọn pé àwọn tó ṣe é ń tún un ṣe lọ́tun, àti pé tuntun yìí yóò wọ̀n tó tọ́ọ̀nù méjì nítorí bátìrì ńlá tí wọ́n fẹ́ kì sínú rẹ̀. "Il paraît que" ni ìròyìn náà fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lásán ni, kò sẹ́ni tó tíì gbé mọ́tò ọ̀hún sórí ìwọ̀n. Èmi fo ibẹ̀. Mo kà á bí ẹni ń ka ìwé mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mi ò lè sẹ́ ẹ.

"Irọ́ ni," bàbá mi sọ. "Mọ́tò tó fẹ́ sáré, ṣé yóò wá wúwo tó mọ́tò mi lọ́jọ́ tó bá kún fún iṣu abúlé Gbaffo?" Àlájì ní òótọ́ ni, pé ṣebí òun ló ń ta bátìrì, òun ló mọ bó ṣe ń wúwo. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n fi iṣu ṣírò tọ́ọ̀nù méjì títí. Ni bàbá mi bá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó ń jókòó ti páálí nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ló mọ̀ nípa ẹrù?"

Àlájì ò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o mọ̀ nípa ẹrù, ta ló kó iṣu àkójù tí mọ́tò fi kán lẹ́yìn lókè Soclogbo?"

Mọ́tò yẹn ò tún rìn mọ́ láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ awakọ̀ bàbá mi parí sí. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Soclogbo nílé wa. Bàbá mi nawọ́ sí ọ̀nà. "Ó tó, máa lọ sílé," ló wí. Àlájì mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; àmọ́ ẹnu tèmi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Àlájì ò wá. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á jókòó sí apá kan bẹ́ǹṣì náà, á fi apá kejì sílẹ̀ fún Àlájì. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, ìdajì ló ń jẹ. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bó ṣe máa dá jókòó síbẹ̀ títí ayé rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí iṣu tuntun dé lọ̀rọ̀ wá burú. Lọ́dọọdún, àkọ́kọ́ iṣu oko bàbá mi, Àlájì ló ń fún, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń fún un. Bí Àlájì ò bá tíì gbà á, ẹnikẹ́ni nílé wa ò ní fẹnu kan iṣu tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, iṣu wà nílẹ̀, gàrí la ń jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá sùn, mo ṣa iṣu kan tó dán, tó gún régé, mo sọ ọ́ sínú àpò, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlájì.

Ó fi ọwọ́ kan gbà á, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an. "Ta ló rán ọ?"

"Bàbá ni, sà."

"Bàbá rẹ kọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò fún mi ní iṣu tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé rí."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó dé fìlà, ó gbé iṣu náà, ó forí lé òkè. Mo ń tẹ̀ lé e. Bàbá mi ti jí, ó wà lórí bẹ́ǹṣì. Àlájì gbé iṣu náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣófọ̀, ṣé ibi tí mo mọ lójú rẹ nìyí?"

Bàbá mi wo iṣu, ó wò mí. Ó dìde, ó fọwọ́ ti ògiri wọlé. Nígbà tó máa jáde, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá iṣu kan mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi wé e. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló gbé e pa mọ́ sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà á.

"Tìrẹ nìyí. Orúnkún ni ò jẹ́ kí n lè gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún. Àlájì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó jókòó sí àyè rẹ̀. "Ó wúwo," ló wí. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, "O mọ ẹrù, Ṣófọ̀. Ọ̀rọ̀ Soclogbo yẹn, ẹnu mi ló ṣì sọ." Bàbá mi ní kí n lọ se iṣu kékeré yẹn. Ìdí ààrò ni mo ti sunkún, mo ní èéfín ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ṣe mọ́tò eré ìje náà wá fẹnu ara wọn sọ iye kílò rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo wà tí mo ti kà á. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjèèjì jàre pátápátá. Mo sáré gòkè lọ láti sọ fún wọn, àmọ́ kí n tó dé ìdí àpáta ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn. "Tọ́ọ̀nù méjì." "Irọ́ ni." "Bátìrì ńkọ́?" Mo dúró. Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé àríyànjiyàn yìí ló fẹ́ gba ọ̀rẹ́ bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀, láìmọ̀ pé òun náà ló ń mú kí Àlájì gun òkè yìí lójoojúmọ́, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀.

Àlájì rí mi. "Olùkọ́, ṣé wọ́n ti gbé e sórí ìwọ̀n?"

Mo ti tẹlifóònù bọ àpò. "Wọn ò tíì gbé e, sà. 'Il paraît que' ni wọ́n ṣì ń sọ."

"Mo sọ fún ọ," bàbá mi wí, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.