Òjò Tí Ìyàwó Bàbá Òjò Rọ̀

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Òjò kọ ọ́ sínú ìwé pé òjò rọ̀, nígbà tí oòrùn ń jó wa bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn omi òjò inú agolo kan tí ìjọba rì sí àgbàlá rẹ̀, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ojú ọjọ́. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó kọ mílímítà méjìlá. Kíá, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì náà ti gbé mọ́tò dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òjò wo lẹ rí?"

"Mi ò rí òjò. Omi ni mo bá nínú agolo, òun ni mo kọ."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Òdòdó mi ni mo bomi rin lánàá o. Bóyá ó dà sí i."

Ọ̀gá ní kó pa á rẹ́. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gàdàgbà: "Ìyàwó mi ló rọ eléyìí."

Tó bá ń sọ ìtàn ojú ọjọ́, ẹ tètè wá àga. Ó ní àwọn ará àtijọ́ ń wo èèrà àti àwọsánmà, ṣùgbọ́n nílé tiwọn, orúnkún ìyá òun ni. Bó bá ti ń dùn ún, gbogbo ilé á sáré kó aṣọ wọlé.

"Ṣé kì í tàn yín ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àga ló fi orúnkún gbá lọ́jọ́ náà."

Ó ní ìgbà tí ọmọ aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye òjò sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n tó mọ ìṣe rẹ̀, pé ọjọ́ kan téèyàn bá fò ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò fo ọjọ́ kan. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bí àkọ́bí sí ìlú òkèèrè, kò lọ.

"Ṣé agolo ni yóò máa pè yín ní bàbá àgbà?" ni ìyàwó rẹ̀ pariwo.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ikú rárá. Ìlà tí yóò ṣófo nínú ìwé ló ń bà á lẹ́rù.

Ìdájí ọjọ́ kan ló kú. Àwa aládùúgbò kún inú ilé, ẹkún ń sọ, a ò rí ìyàwó rẹ̀ mọ́. Àgbàlá la bá a, lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé ìgò tí Bàbá fi ń wọn omi òjò sí ọ̀gangan ojú. Aago mẹ́sàn-án ti lù. Àwa tí a máa ń fi Bàbá rẹ́rìn-ín dúró tì í títí tó fi kà á tán. A fẹ́ràn Bàbá gan-an, a ò kàn sọ fún un rí.

Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó pa ìwé dé. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.