Omi Tí Mo Pọn fún Ọkọ Mi

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ará Ọ̀fà àti ìlú kejì. Ẹnu ààlà gan-an ni odò tí a ti ń pọnmi wà. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe yìnbọn fún obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò rù. Ìkòkò fọ́, òun náà ṣubú sódò, omi sì pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Àwọn tiwa náà pa nínú tiwọn, n kò ní purọ́.

Láti ọjọ́ náà, inú kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ilé lẹ́yìn agboolé wa ni mo ti ń pọnmi. Mo kàn ń jẹ́ kó tòrò ni. Ọkọ mi a mu ún tán, a ní ọbẹ̀ kọ́ ni mo fún òun yìí? Oníyẹ̀yẹ́ ni.

Ìjà rọlẹ̀. Ọdún yípo, a padà sóko. Ahéré la wà, à ń wa iṣu, nígbà tí sòbìà yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ẹsẹ̀ wú, kò lè tẹ ilẹ̀. Mo ń ká sòbìà náà mọ́ igi tín-ín-rín, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí tó bá já sínú, ọ̀ràn dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ igbe, a rí èéfín. Ìjà tún ti dé. Mo ní fún un pé:

“Ẹ dìde! Ẹ fara tì mí!”

Ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó ṣubú. Mo wọ́ ọ, ṣùgbọ́n oyún oṣù méje wà nínú mi. Ó gbá mi létí. Kò lù mí rí.

“Gbé ọmọ mi lọ! Ṣé kí wọ́n pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?”

Mo sá wọ igbó. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà àdá nìkan ni mò ń gbọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e délé, àáfà ní kí n jáde kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́. Mo kọ̀. Igi sòbìà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo tú u.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wolé-wolé wá kọ́ wa pé omi kòtò ni sòbìà fi ń wọ ara, pé ó máa ń tó ọdún kan kó tó yọ. Ó ní ó yẹ ká máa sè é. Mo bú u, mo bú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìbọn ń dún, ta ló ráyè se omi?

Ọmọ inú mi ọjọ́ náà ti dàgbà, ó ń bi mí ní ohun tó pa bàbá òun. Àdá ni mo máa ń sọ. N kò tíì lè dárúkọ omi fún un.