Iyọ̀ Ìyá Ṣakí àti Igbá Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Odòmẹ́ta, lọ́nà Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, iyọ̀ ni Màmá rán mi lọ rà lọ́jọ́ tí ìfẹ́ ìwé èdè wa wọ̀ mí lára. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣakí ni mo lọ, obìnrin ará Nàìjíríà tó ń tajà nítòsí ilé wa. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ń di ẹrù wá fún un láti ọ̀hún ló máa ń ya, tí á fi pọ́n iyọ̀. Bí mo ti ń bọ̀ wálé, mò ń fi ẹnu Faransé tí mo kọ́ níléèwé pe ohun tó wà lára ìwé náà, kò sì yé mi. Mo rí àmì tíntìntín lábẹ́ àwọn lẹ́tà kan. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo ń fi èékánná ha á. Mo tún un pè, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ: "Ọmọ mi, wá jókòó."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo wẹ̀yìn wò, bóyá Màmá ló pè mí, kò sẹ́ni kankan. Kí n tó mọ̀, iyọ̀ ti dà sórí ilẹ̀ pupa. Màmá nà mí dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti fi ìwé náà há ìró.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó lọ iléèwé ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà yẹn á rántí sinyáàlì. Ọmọ tó bá sọ èdè ilé ní kíláàsì, wọ́n á fi kọ́ ọ lọ́rùn. Tiwa jẹ́ egungun màlúù tí wọ́n fi okùn sí. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí iléèwé bá jáde, á jẹ pàṣán, á sì gbálẹ̀. Èyí kì í ṣe tuntun sí yín. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé bàbá mi, tí kò gbọ́ Faransé kankan ju "bọ́njùù" lọ, ṣe sinyáàlì tirẹ̀ sínú ilé. Olùkọ́ kan ló sọ fún àwọn òbí pé èdè ilé ló ń dí wa lórí, Bàbá sì gbà á gbọ́. Iṣẹ́ igbá fínfín ló ń ṣe. Ó gé àfọ́kù igbá róbótó, ó fín alángbá sí i, ó dára bí èyí tó fẹ́ tà, ó sì gbé e kọ́ sí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Faransé nìkan ni kí ẹ máa sọ nínú ilé yìí. Mo fẹ́ kí ẹ di ènìyàn."

Bí Bàbá ṣe di odi láàárín wa nìyẹn. A ó máa jẹ ọ̀kà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣápá, àwa ọmọ á máa fọ Faransé wúruwùru, Bàbá á máa wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wo ayò tí kò mọ̀ ọ́n ta. Tó bá fẹ́ omi, á nawọ́ sí ìkòkò. Màmá ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù sinyáàlì, ó ní ọrùn òun ki jù ú lọ.

"Bàbá Àdùkẹ́," ni yóò wí, "ẹ ti sọ ara yín di àlejò nínú ilé yín."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ kúrò ní ìṣó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ha inú igbá lábẹ́ igi máńgòrò. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń ka àwọn ìwé iyọ̀ mi, tó ti pọ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. Ó gbọ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwé ni, Bàbá. Ohun tó sọ ni mò ń sọ."

Ó lọ mú sinyáàlì, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. "Ìwé kì í sọ èdè wa. Ẹnu ni èdè wa wà fún. O tún ti ń purọ́ mọ́ ọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo ní kó dán mi wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan sí mi létí. Mo fi èédú kọ ọ́ sára igbá tí kò tíì fín, mo sì fi àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà bí mo ti rí i nínú ìwé iyọ̀. Ó pe Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Àdùkẹ́ kọ́kọ́ fi ẹnu Faransé kà á, ó dàrú mọ́ ọn lójú. Ó tún un kà: "Oko ẹ̀pà ni ìyá mi bí mi sí, òjò sì ń rọ̀."

A ò mọ̀ rí pé oko ni wọ́n bí Bàbá sí.

Àdùkẹ́ gbàgbé sinyáàlì pátápátá. "Bàbá, òótọ́ ni?"

Bàbá gbé igbá náà, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ihò tí ohùn òun gbà wọlé. Nígbà tó yá, ó bọ́ sinyáàlì lọ́rùn mi, ó sì sọ ọ́ sábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Màmá ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá igi ìdáná. Bàbá mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó tẹ̀lé ojú èédú náà títí ó fi fín gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní kí n kọ òmíràn.

Lóde òní, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan kọ́ ọmọ lọ́rùn mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ Àdùkẹ́ kọ́kọ́ dé láti Kutọnu, tí Bàbá kí wọn, Faransé ni wọ́n fi dá a lóhùn, láìsí ẹni tó lù wọ́n sí i. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju egungun màlúù lọ. Pàṣán ni wọ́n fi gba èdè lẹ́nu tiwa, tiwọn kàn ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kó ọmọdé jọ ní Kétu ní gbogbo Sátidé. Àwọn kan ń wá láti Adakplamẹ̀ pàápàá. Wọ́n á fi èédú ya ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sára igbá, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i ní èdè wa, lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ á wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìwé èdè wa, ìwé iyọ̀ ló kọ́ mi.

Bàbá ló dàgbà jù nínú kíláàsì mi. Ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, kì í dúró de èédú mi mọ́. Ìtàn ayé rẹ̀ ló ń fín, láti oko ẹ̀pà wá. Àwọn ọmọ Àdùkẹ́, tó ń bá wa fín igbá nígbà tí wọ́n bá wá láti Kutọnu, kì í jẹ́ kó sinmi: "Lẹ́yìn náà ńkọ́, Bàbá àgbà?" Á ní kí wọ́n kà á, kì í sọ. Igbá kìn-ín-ní ti kún. Ní Sátidé tó kọjá, igbá kejì wọ ìlà kẹsàn-án, Bàbá kò sì tíì dé ibi tó ti pàdé Màmá.