Eku Ẹbí Adéwùnmí

Iṣẹ́ tí Roqeebah Adéwùnmí ń ṣe kò yé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ ní Kuje. Wọ́n mọ̀ pé ó kàwé títí ó fi di dókítà, àmọ́ bí ibà bá mú ọmọ, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Eyín eku ni tirẹ̀: àwọn eku tó ti parun láti ayébáyé, tí eyín wọn ti di òkúta. Nínú fúláàtì rẹ̀ ní Festac, l'Ékòó, ó máa ń to eyín tí kò tó hóró ìrẹsì sábẹ́ máíkírósíkóòpù, a sì máa wo àwọn gegele kéékèèké orí wọn. Bí gegele náà ṣe tò ni wọ́n fi ń mọ ìran eku kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Lọ́dún tó kọjá, ó rí eyín kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò jọ ti eku kankan tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìran tuntun ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ohun tí Roqeebah sì ti ń fojú sọ́nà fún láti ilé ìwé nìyẹn. Ó kọ àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ pé kí eku náà máa jẹ́ orúkọ ẹbí òun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sọ fún Bàbá Múrítàlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí.

"Eku? Roqeebah, ṣé o ò rí kìnnìún ni?"

"Kìnnìún kọ́ ni mo kà, Bàbá."

"Ṣé ó tiẹ̀ tóbi?"

"Kò ju àtàǹpàkò yín lọ."

Kazeem, ọmọ Bàbá Múrítàlá, dá sí i: "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó ṣáà ti kú, kò lè wá bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ wa."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó la ẹnu gbàgà. Láti kékeré ni bàbá ti ń fi eyín fọ́ eegun. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán, ó tẹ́ bí ilẹ̀ tí katakata gbá. Roqeebah gbàgbé ọ̀wọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún la ẹnu."

"Kí ló dé? Ṣé èmi náà ti di eku ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Roqeebah wọkọ̀ padà sí Festac, ó to eyín ìran eku kan tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, láti orí ọmọ eku dé orí àgbà, ó wá fi eyín tó rí náà sí ìparí. Ó bá a mu rẹ́gí. Kò sí ìran tuntun níbẹ̀, eku tó gbó títí gegele eyín rẹ̀ fi jẹ tán ni.

Ó sunkún díẹ̀, ó bú eku náà dáadáa, ó sì kọ̀wé pé kí wọ́n dá àkọsílẹ̀ òun padà.

Àmọ́ bàbá ti ròyìn eku ká gbogbo Kuje. Nígbà tí Roqeebah pè é láti sọ pé kì í ṣe ìran tuntun, ohùn rẹ̀ le lórí fóònù: "Ta ló máa mọ̀? Fi orúkọ wa sílẹ̀ níbẹ̀ jàre!"

"Eku yẹn ti lórúkọ tẹ́lẹ̀, Bàbá. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn fún ẹni méjì."

Ẹjọ́ ilẹ̀ náà ṣì wà ní kóòtù.

"Yọ orúkọ wa kúrò lára rẹ̀," ni Bàbá wá sọ, "kí lọ́yà kan tún má baà lọ gba ẹjọ́ eku."