Kápúsù Inú Omi Adìyẹ

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ ní oko adìyẹ kan ní Odò-Ọwá, oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, kì í ṣe oúnjẹ adìyẹ. Ọ̀gá mi, alàgbà ìjọ wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ṣí kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, irú èyí tí a ń rà fún inú rírun, ó gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì omi.

"Dàpọ̀, àràárọ̀ ni o. Èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí kò ṣàìsàn, kí gbogbo wọn mu nínú rẹ̀."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbọn kápúsù yìí. N kò béèrè ìdí. Ẹyin ń jáde, adìyẹ ń sanra, ta ni yóò béèrè?

Àṣà kan tún wà láàárín àwa òṣìṣẹ́ oko. Tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó bá ń bọ̀ wá sìnkú, a máa ń pa adìyẹ púpọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ń tú ìfun ló ni ìwe àkọ́kọ́. A ó jù ú sórí ẹyín iná, kò ní tíì jinná tán tí a ó fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi tú ìfun yẹn náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti kó àìsàn. Ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ibà. Mo ra kápúsù kan náà, mo lò ó, àfi bí ẹni mu omi lásán. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mi dé ọsibítù ní Ìlọ́fà, n kò dá ìyàwó mi mọ̀ mọ́.

Nígbà tí dókítà gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó mirí.

"Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló wà nínú ìfun adìyẹ. Ooru ara adìyẹ bá a lára mu, ó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, kì í yọ onílé lẹ́nu. Inú èèyàn ló ti ń ṣe bí ọlọ́ṣà. Ẹ wá ń fún un ní oògùn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Èyí tí kò lágbára kú, èyí tó lè fara da oògùn ló kù, òun ló sì ń bí sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níjà."

Abẹ́rẹ́ mìíràn ni Ọlọ́run fi yọ mí.

Mo padà, mo ṣàlàyé fún Bàbá.

"Adìyẹ wo ló ń yàgbẹ́ gbuuru níbí?"

"Bàbá, kì í ṣe adìyẹ ni mò ń—"

"Wò wọ́n! Ara wọn dá ṣáṣá. Ìwọ tí o ń jẹ ìwe tútù lo fẹ́ gba oògùn lẹ́nu adìyẹ mi."

Mo tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Mo tún un sọ lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ kan náà, èsì kan náà. Ó sú mi. Mo ní n kò gbọn kápúsù mọ́. Ó ní kí n máa lọ sílé, kí n lọ máa tọ́jú ẹ̀rù mi. Mo lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú adìyẹ, ọ̀kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó fọwọ́ di inú mú. Páálí kápúsù tó ti lò tán wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Dàpọ̀, ọjọ́ mẹ́ta rèé. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà fún mi."

Mo fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí àìsàn yẹn ń gbé èèyàn lọ.

"Bàbá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ọsibítù ni."

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo fi àyà gbé e ró, òun sì ń ráhùn: "Ta ni yóò fún adìyẹ mi lómi?"

Dókítà kan náà ló bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàbá na ìka sí mi.

"Ẹ bi í. Òun ló ń gbọn oògùn sínú omi wọn."

Inú bí mi débi pé ẹ̀rín pa mí. N kò sì lè jiyàn. Ọwọ́ mi ni, ọdún mọ́kànlá gbáko.

Ó yè. Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ní, "Padà wá. Omi lásán ni kí o máa fún wọn."

"Àti ọṣẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bàbá, ká máa fọwọ́."

"Ọṣẹ wo tún ni? Ṣé adìyẹ ń fọwọ́ ni?"

Mo mí kanlẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.