Ẹ̀rín Abẹ́ Híjáàbù

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo ra híjáàbù dúdú kan fún ọmọ mi obìnrin lọ́jà Agboju. Ẹgbẹ̀rin ni ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ pè é. Mo bi í bóyá ó ń ta orí mọ́ ọn. Ó gùn dé ìbàdí, ó sì bo etí dáadáa. Ká ní mo mọ̀!

Kò pẹ́ sí i, mo bá ọmọ yìí lẹ́yìn páálí mílíìkì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, ló bá bú sẹ́rìn-ín. 

Báyìí gan-an ni ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi ṣì wà lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n ń bá ògiri ṣàwàdà. Wọn ò bọ̀ sípò mọ́ títí wọ́n fi kú. Nítorí ìyá mi ni àwọn èèyàn fi ń sọ nílùú wa pé, "Ẹ má fẹ́ wọn o, wèrè ń bẹ nílé wọn." Èmi tí mo lè rí ohun rín nílé òkú, èyí ò pa mí lẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, mo ròyìn ìyá mi fún un, mo ní ṣé ó lè bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò.

"Màmá, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ìyẹn. Ó máa ń tẹ̀lé ìdílé lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kì í mú. Ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Ìyá yín ló bí yín, kò ṣe yín."

"Dókítà, àwọn oníbàárà mi lè bá yín jiyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ìgbà mìíràn ó lè fo ọmọ kó mú ọmọ-ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ mọ́tò.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi tún ti bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè gbàgbé ẹ," ló ń sọ fún páálí mílíìkì. Mo ké "Yéè!", mo fò mọ́ ọn, mo fa híjáàbù náà kúrò lórí rẹ̀. Okùn dúdú tín-ínrín kan bá a já: íápíìsì fóònù. Nínú àpò rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan ń jáde fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́: "Hẹ́lò? Olólùfẹ́ mi? Hẹ́lò?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ rín, ẹkún ló jáde.

Ọmọ lóṣòó níwájú mi. "Mọ́mì, ṣé ẹ rò pé ó ti ń ṣe mí bíi Màmá Àgbà ni?"

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ wọn fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn."

Ẹ̀rù tí mo rò pé mo ti sọ̀ kalẹ̀ tún gun orí mi padà, lọ́tẹ̀ yìí nítorí èmi fúnra mi. Mi ò lè wò ó lójú. Òun ti na ọwọ́ sí mi, ó ní íápíìsì òun tí mo já ńkọ́. Mo ka owó tí yóò fi ra òmíràn sí i lọ́wọ́: ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé àádọ́ta.