Bí Ẹnjiníà Nùrẹ́nì Ṣe Ń Kí Ni

Kí ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Nùrẹ́nì, tó gbé iṣẹ́ kíkí fún ẹ̀rọ, àràárọ̀ ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ iṣẹ́ ní ọgbà wa n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí yóò máa fi èdè Èkìtì kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa là ń tún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ní agbègbè yìí.

"Ulé ńkọ́? Ùyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Tó bá parí, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. "Mo ní ulé ńkọ́?"

Èmi Ọmọ́wùmí, tí mò ń ṣètò iṣẹ́, máa ń pòṣé. Oòrùn á ti mú, ọkùnrin yìí á ṣì máa kí ènìyàn.

Bí ẹlòmíràn ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀, AI ni eré tirẹ̀. Ó ṣe ọ̀kan tó ń wo ewé ẹ̀gẹ́ mọ àrùn. Ẹ̀rọ náà wo ewé ilá Àmínátù, ìyàwó rẹ̀, ó ní ẹ̀gẹ́ tí kòkòrò ti bàjẹ́ ni. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló ṣe èyí tó ń kí wa lórí fóònù dípò òun. Ẹni tó bá dáhùn pé dáadáa ni, orúkọ rẹ̀ á yọ ní àwọ̀ ewé lórí fóònù mi, ó di orí òpó nìyẹn. Àwọn àgbà iléeṣẹ́ yìn ín. Èmi náà yìn ín, nítorí a tètè ń jáde.

Akíndélé ló ń gun òpó. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n dá Glory ìyàwó rẹ̀ dúró sí ọsibítù nítorí oyún, orí bẹ́ńṣì ìta wọ́ọ̀dù sì ni ọkùnrin náà ń sùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ̀rọ bá béèrè láàárọ̀, á ní, "A dúpẹ́." Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ta ni wọ́n ń bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílẹ̀ wa tó ń tú gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀? Ó dìgbà tí wọ́n bá tún bi í kí ẹnu tó là. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀gá mọ àṣà yìí dáadáa. Oorun ń kun Akíndélé, ó sì ń gun òpó.

Ọjọ́ tó já bọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀kalẹ̀ tán, ìyẹn ni kò jẹ́ kó kú. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Èmi àti ọ̀gá la lọ wò ó ní ọsibítù.

"Ulé ńkọ́, Akíndélé?"

"A dúpẹ́, ọ̀gá."

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó fa àga, ó jókòó. "Ùyàwó ńkọ́?"

"Ó wà, sà. A dúpẹ́."

Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ní ùyàwó ńkọ́?"

Akíndélé kọjú sí ògiri. "Ọsibítù ló wà, oyún rẹ̀ ti wálẹ̀, ọ̀gá. Ìdájí ọjọ́ tí mo já bọ́ ni."

Omi bọ́ lójú mi. Lórí fóònù mi, àwọ̀ ewé ni orúkọ rẹ̀ wà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a fẹ́ padà, ọ̀gá tan ọkọ̀, ó tún pa á. "Èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá rẹ̀, Ọmọ́wùmí," ó ní, "mi ò sì mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù."

Ní Mọ́ńdè, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí n tó dé. Ó bi mí pé ulé ńkọ́. Mo ní a dúpẹ́. Kò kúrò níwájú mi. "Mo ní ulé ńkọ́?"